Mímójú Kúrò Nínú Ẹ̀ṣẹ̀ Kékeré

Àsọyé fún àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa

Nígbà tí a ní kí a sọ ohun tí ó ń mú ìjọ pẹ́, bóyá ẹ rò pé ti bíríkì, ti páànù àti ti agogo ni a ó sọ. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré tí a kò mójú kúrò nínú rẹ̀ ni ó sábà máa ń la ògiri ìjọ lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ilẹ̀ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Àpómù ni ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti máa ń pàdé. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ròyìn pé ní ọjà náà ni ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí títà atare. Atare lásán, ẹ̀yin ará! Asọ̀ di ìjà, ìjà di ogun. Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ dó ti Òwu, títí ìlú ńlá náà fi di ahoro kí ọdún 1830 tó dé. Ogun náà kò sì dúró níbẹ̀. Ó ya wọ àwọn ìlú Ẹ̀gbá, ó tú wọn ká, títí wọ́n fi tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, tí àwọn Òwu sì wá bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru atare. Ìkùnsínú ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn tí a ń jí gbé tà ní Àpómù, àti nítorí ìjà tí ó ti wà láàárín Òwu àti Ifẹ̀. Igi gbígbẹ ti pọ̀ nílẹ̀. Atare ni a fi ṣáná sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí láàárín ọkọ àti aya, àti láàárín ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́. Ohun tí a ń jà lé lórí lónìí kì í sábà jẹ́ ti òní. Ti àná tí a kò fi jì ni.

Nínú ìmúra àjọ̀dún yìí pàápàá, a ti gbọ́ kíkùn: ẹni tí a kò pe orúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ tí a tò sẹ́yìn, ìyá tí ẹlòmíràn jókòó sí àyè rẹ̀. Ìwé ìrántí wa kò lè gba orúkọ gbogbo ẹni tí ó ru omi àti yanrìn kọ́ ilé yìí. Bí a bá fo orúkọ baba rẹ, má ṣe kà á sí ìwọ̀sí.

A kò wí pé kí a bo olè, tàbí ẹni tí ń lu aya rẹ̀, tàbí ẹni tí ń jẹ ọmọ aláìníbaba níyà. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kékeré. Àwọn àgbà gbọ́dọ̀ gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ kékeré bá sì ń dun ni títí di ọjọ́ kẹta, kí a lọ bá ẹni náà ní ilé rẹ̀, kí a sọ ọ́ fún un ní tútù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Páúlù àti Bánábà pínyà nítorí Máàkù, ẹni tí ó fi wọ́n sílẹ̀ ní Pamfília. Nígbà tí Páúlù wà nínú ẹ̀wọ̀n, tí ọjọ́ ikú rẹ̀ sì ń súnmọ́ etílé, ó ránṣẹ́ pé kí a mú Máàkù yìí kan náà wá, nítorí ó wúlò fún òun. Ẹ má ṣe jẹ́ kí tiwa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì í rí ẹni bá ṣeré. Kí ẹni tí kò kí arákùnrin rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kí i lónìí, kí a tó tú ká. Kí Olúwa fi àlàáfíà ṣọ́ ilé yìí títí di ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn. Àmín.