Imú àti Ahọ́n La Fi Ń Mọ Wísíkì, Kì í Ṣe Ojú

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní alẹ́ ìtọ́wò, níbi àjọyọ̀ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

Ẹ̀yin tí ẹ kì í mu ọtí, yálà nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí ìmọ̀ràn dókítà, zobo wà lórí tábìlì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Ọ̀rọ̀ yìí kan àpò gbogbo wa.

Ìgò mẹ́ta tí ẹ ń wò yìí, èmi ni mo ní kí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé wọn. Ìdí ni pé láti bí ọdún mélòó kan, nọ́ńbà tó wà lára ìgò ti fẹ́ di òṣùwọ̀n ènìyàn láàárín wa. Ẹni tó gbé 18 kalẹ̀ nígbà tí ìpàdé kan ilé rẹ̀, a ó pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó gbé 12 kalẹ̀, a ó ní ó gbìyànjú. Mo mọ àwọn tó ti sún ìpàdé tiwọn síwájú lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìgò. Wọn kò sọ fún ẹgbẹ́, èmi náà kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ òṣùwọ̀n náà fúnra rẹ̀ wò.

Kí ni wọ́n ń pè ní single malt? Wísíkì tó ti ilé ìpọntí kan ṣoṣo jáde ni, tí wọ́n fi ọkà báálì nìkan ṣe, pẹ̀lú omi àti ìwúkàrà. Wọ́n á rẹ ọkà náà sómi títí á fi hù, bí àwọn ìyá wa ṣe ń rẹ àgbàdo fún ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kó kan, wọ́n á wá sè é nínú ìkòkò bàbà ńlá, kí ooru rẹ̀ gòkè kó sì tutù padà di ọtí. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń se ògógóró ti mọ ọgbọ́n náà. Ohun tó jáde mọ́ gaara bí omi. Òfin ní ó gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, nínú àgbá igi óákù lórí ilẹ̀ Scotland kí wọ́n tó lè pè é ní Scotch, agbára rẹ̀ nínú ìgò kò sì gbọdọ̀ dín sí ìdá 40 nínú 100. Johnnie Walker Black àti Chivas Regal tí gbogbo wa mọ̀, àdàlù ni wọ́n, bí ẹ̀wà àti àgbàdo. N kò fi àdàlù ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ti Hennessy kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ yìí: èso àjàrà ni wọ́n fi ṣe é, ilẹ̀ Faransé ló sì ti wá.

Àgbá ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Òfin Amẹ́ríkà ní àgbá óákù tuntun, tí wọ́n ti fi iná jó inú rẹ̀, ni kí wọ́n máa pa bourbon mọ́ sí. Torí náà, bí wọ́n bá ti lò ó tán, wọ́n á tà á, àwọn ará Scotland á sì rà á. Àgbá bẹ́ẹ̀ máa ń fún wísíkì ní adùn fánílà àti oyin. Èyí tí wáìnì sherry ti Spain ti wà nínú rẹ̀ máa ń fún un ní adùn èso àjàrà gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ tàn yín, nítorí òfin gbà wọ́n láyè láti fi ṣúgà jíjó pa á láró.

Nọ́ńbà ara ìgò ńkọ́? Ọjọ́ orí ọtí tó kéré jù lọ nínú ìgò náà ni, inú àgbá nìkan ló sì ti ń dàgbà. Ìgò 12 tí wọ́n fún yín níbi ìgbéyàwó, tí ẹ ṣì tì mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù, 12 náà ni títí dòní. Lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ohun tó wà nínú àgbá ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. Tí ọdún 18 bá fi pé, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ti lọ. Ẹni tó ra 18 ń san owó ohun tí áńgẹ́lì mu, ó sì ń san owó ilé tí àgbá jókòó sí. Owó náà kì í ṣe ìrẹ́jẹ, àmọ́ kì í ṣe owó adùn. Igi lè bo ọtí mọ́lẹ̀ tó bá pẹ́ jù, kó máa korò lẹ́nu. Èéfín inú wísíkì Islay náà sì máa ń rọlẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, débi pé ẹni tó fẹ́ràn èéfín lè yan 10 kó sì fi 25 sílẹ̀.

Orúkọ àwọn mẹ́ta wa kì í ṣe àṣírí. Ọjọ́ orí wọn àti owó wọn ni ìwé ìròyìn bò. Àkọ́kọ́ ni Glenmorangie, láti Tain ní àríwá Scotland. Ìkòkò wọn ga ju mítà 5 lọ, ooru tó fúyẹ́ ló sì ń gùn ún dé òkè. Ẹ ó rí i pé ọtí náà kò wúwo lẹ́nu. Èkejì ni Glenfarclas ti agbègbè Spey, tí ìdílé Grant kan náà ti ń dì mú láti 1865, àgbá sherry ni wọ́n sì gbára lé. Ẹ̀kẹta ni Laphroaig, ní erékùṣù Islay, níbi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n láti 1815. Píìtì ni wọ́n ń dáná sí lábẹ́ ọkà níbẹ̀: ilẹ̀ àbàtà tí ewéko ti jẹrà sí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí wọ́n gé bí búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n sá títí ó fi gbẹ. Èéfín rẹ̀ wọ inú ọkà lọ, kò sì jáde mọ́. Ẹ ó gbọ́ òórùn ẹja yíyan, ẹ ó sì gbọ́ òórùn áyódìn tí nọ́ọ̀sì fi ń pa egbò. Ẹlòmíràn á kọ́kọ́ yọwọ́. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí asun dúró ná, ata kì í jẹ́ kí ahọ́n jẹ́rìí òtítọ́. Ife kékeré tí ẹnu rẹ̀ fún la fẹ́ lò, mìlílítà 25 péré fún ẹnì kan, láìsí yìnyín. Ẹ gbé e súnmọ́ imú, kí ẹ la ẹnu díẹ̀ kó má bàa ta yín. Ẹ fi ìwọ̀nba tọ́ ọ wò, kí ẹ jẹ́ kó yí ká ahọ́n kí ẹ tó gbé e mì. Lẹ́yìn náà, ẹ kán omi sí i, ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ tún gbóòórùn rẹ̀. Ní 2017, àwọn onímọ̀ méjì ní yunifásítì Linnaeus ní Sweden fi kọ̀ǹpútà wo ohun tí omi ń ṣe níbẹ̀: ó ń jẹ́ kí guaiacol, tó ń fún ọtí ní òórùn èéfín, wá sí òkè ife. Tí ẹ bá tọ́ ẹ̀kẹta wò tán, ẹ padà sí àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti máa ń hàn jù, ó sì máa ń ya ènìyàn lẹ́nu.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ìgò kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá. Ìwé àwọn òyìnbó lórí wísíkì kún fún èso tí ọ̀pọ̀ wa kò jẹ rí. Tó bá rán yín létí agbálùmọ̀, ẹ kọ agbálùmọ̀. Lẹ́yìn náà, kí kálukú sọ èyí tó gbà pé ó dàgbà jù, ká tó tú ìwé ìròyìn.

Ẹ bá mi ṣírò kan. Mìlílítà 700 ni ìgò kan. Ní mìlílítà 25, ènìyàn 28 ló máa tọ́ ọ wò. Ní ìpàdé wa, ènìyàn mẹ́rin ló ń jókòó ti ìgò kan títí á fi gbẹ, tí a ó tún máa wo ojú onílé. Mo ti fi àbá kan sọ́wọ́ alága: kí àpò ẹgbẹ́ máa ra ìgò méjì péré fún ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí a máa wé wọn báyìí, kí ẹni tí ìpàdé kàn sì pèsè oúnjẹ àti omi nìkan. Kí ìgbìmọ̀ àríyá sì máa fọ́ ìgò òfìfo, torí àwọn kan ń rà wọ́n, ohun tí wọ́n sì fẹ́ rọ sínú rẹ̀ kò dé Scotland rí. A ó dìbò lórí rẹ̀ ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.

Ife ìtutọ́ wà níwájú ẹni tó máa wakọ̀ lálẹ́ òní, kó lò ó láìtijú. Wọ́n ti ń gbé ìgò àkọ́kọ́ bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mu ún, imú ló kàn.