Ohùn Kọ́kọ́rọ́ àti Olè Ọkọ̀

Nínú àlọ́, orin ni Ajá fi ń ké sí ìyá rẹ̀ lọ́run kí ó ta okùn. Ìjàpá fetí kọ́ ọ; okùn sọ̀ kalẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ òde òní ń fi ìgbì rédíò sọ. Nítorí irú Ìjàpá bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ń yí padà nígbà gbogbo. Síbẹ̀, ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Zurich fi ẹ̀rọ gbé ohùn kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lókèèrè dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Oríṣi ọkọ̀ 10 ni wọ́n dán wò. Gbogbo wọn ni ó ṣí, láìtú àṣírí kankan.

Ọkọ̀ mọ ọ̀rọ̀. Kò mọ ibi tí ó ti wá. Nítorí náà, kọ́kọ́rọ́ tí ń wọn àkókò tí ohùn fi rìn ni mo fara mọ́.