Kíkọ́ Iṣẹ́ Olórí Lẹ́nu Iṣẹ́

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọdún 1984, ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ní Kaduna fi mí ṣe fóománì, nítorí pé ọwọ́ mi yá nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí a ti ń darí ènìyàn. Mo rò pé kí n ṣáà máa pariwo ni. Ní oṣù kẹta, ọmọkùnrin kan tí kò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ fẹ́ yọ òwú tó ta kókó. Kò pa ẹ̀rọ kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ gé ìka rẹ̀ méjì. Nígbà tí máníjà pè mí, mo ní, "Ọ̀gá, mo sọ fún un." Ó ní, "O sọ fún un. Ṣé ó ṣe é lójú rẹ?" Mi ò lè dáhùn. Títí di òní, tí mo bá rántí ìyá ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ara mi kì í gbà á.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó rán mi lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ wa ti pẹ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló gbé e kalẹ̀ láàárín 1940 sí 1945, nígbà tí àwọn tí kò mọ iṣẹ́ rọ́ wọ ilé iṣẹ́ nítorí ogun. Training Within Industry ni wọ́n pè é. Toyota ní ilẹ̀ Japan náà lò ó lẹ́yìn ogun. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkàn ọmọ iṣẹ́ balẹ̀, kí ẹ bi í ní ohun tó ti mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe iṣẹ́ náà lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí òun náà ṣe é lójú yín, kó máa fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé. Ẹ̀kẹrin, ẹ fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa yọjú sí i. Ẹ̀kẹta yìí ni àwa ọ̀gá máa ń fò. (Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì àti télọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọmọ iṣẹ́ yín mìíràn a lo ọdún kan gbáko nídìí ìgbálẹ̀ àti oúnjẹ rírà.)

Nígbà tí mo padà dé, máníjà fún mi ní ọmọ tuntun kan, ó jókòó tì wá, ó ní kí n kọ́ ọ lójú òun. Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ bí mo ti ń sáré sọ̀rọ̀, tí mi ò sì ń wo ojú ẹni tí mò ń bá sọ ọ́. Ìwé kankan ò lè fi ìyẹn hàn mí.

Ta ni yóò sanwó irú ẹ̀kọ́ yìí? Àwa ará Jos ló yẹ kó mọ̀ jù, nítorí ìlú yìí ni olú ilé iṣẹ́ Industrial Training Fund, ITF, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1971, wà. Àtúnṣe òfin ti 2011 sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ san ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù tó ń san lọ́dún fún àjọ náà. Tó bá kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí àjọ náà ti là á sílẹ̀, ó lè gba lára owó náà padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi ọ̀gá yín: ta ni ẹ ti rán lọ lọ́dún yìí?

Ọmọ tí ìka rẹ̀ gé yẹn padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo fi kúrò níbẹ̀ ní 1993, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun bí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ.