Dírónù Lókè Ìsàlẹ̀ Èkó

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2016 ni àjọ NCAA, tó ń ṣàbójútó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ti kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé dírónù sókè láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Mo fara mọ́ ọn. Ní ọjà Ìdúmọ̀tà ní Èkó, alábàárù tó ru báálì aṣọ kò lè gbójú sókè. Bí bátìrì dírónù bá kú lókè, orí ta ló máa já lé? Ní Gatwick, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lóṣù Kejìlá 2018, wọ́n ní àwọn rí dírónù, ni wọ́n bá ti pápákọ̀ òfuurufú pa. Àwọn kan á ní ayàwòrán tó fẹ́ fi dírónù ya eégún Ẹ̀yọ̀ kì í ṣe ọ̀daràn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nílẹ̀ kò lè mọ ẹni tó ń darí dírónù. Ibi tó ti dùn mí ni pé ilẹ̀kùn méjì, ti NCAA àti ti olùdámọ̀ràn ètò ààbò, ni ayàwòrán ń kàn kó tó gbàṣẹ. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀kan.