Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ àti Àká Àkọsílẹ̀ tó Wà Lọ́nà Jíjìn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìjẹ̀gùn, Ìkọ̀tún, Ìgàndò àti gbogbo agbègbè wọn, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́. Ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ló lè sọ bóyá ajílẹ̀ yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́ tàbí kò ní í tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Ẹ rántí ètò ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, nígbà tí Dókítà Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà fún ètò ọ̀gbìn. Wọ́n kọ orúkọ àgbẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ tó bá wọlé sórí fóònù náà ni àgbẹ̀ fi ń gba ajílẹ̀ àti irúgbìn ní ẹ̀dínwó lọ́wọ́ oníṣòwò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò lè bá wọn pín in, bí oko rẹ̀ tilẹ̀ tóbi.

Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní dátábéèsì. Ẹ jẹ́ ká pè é ní àká àkọsílẹ̀, nítorí ohun gbogbo ló ní ààyè tirẹ̀ nínú rẹ̀: orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ lọ́tọ̀, owó tí kálukú dá lọ́tọ̀, ẹ̀yáwó lọ́tọ̀. Bí àká yìí bá wà nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín nìkan, ọjọ́ tí olè bá gbé kọ̀ǹpútà lọ, tàbí tí àgbàrá bá wọlé, ìwé ẹgbẹ́ bá a lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ kan fi ń gbé àká wọn sínú kọ̀ǹpútà ńlá tó wà níbòmíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbà dé ibẹ̀.

Báwo ni kọ̀ǹpútà yín yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ sáfà? Ohun márùn-ún ni ẹ ó gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀:

1. Àdírẹ́sì sáfà náà.
2. Nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àká MySQL sábà máa ń lo 3306. Ti PostgreSQL sábà máa ń lo 5432.
3. Orúkọ àká.
4. Orúkọ ìwọlé.
5. Ọ̀rọ̀ àṣírí, ìyẹn pásíwọ̀ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ètò tó bá irú àká náà mu sínú kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ tẹ ohun márààrùn-ún síbi tó bá ti béèrè wọn, kí ẹ sì dán an wò.

Bí kọ̀ǹpútà bá dúró pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ẹ yẹ íntánẹ́ẹ̀tì àti àdírẹ́sì wò. Bí méjèèjì bá dára, ó lè jẹ́ pé wọn kò tíì ṣí ọ̀nà fún kọ̀ǹpútà yín ní ọ̀dọ̀ sáfà. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ "Access denied", ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà. Orúkọ ìwọlé, ọ̀rọ̀ àṣírí tàbí àṣẹ tí wọ́n fún yín ni kò bára mu.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ewu wà gan-an rèé. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ àká lè yí owó tí ìyá àgbà fi odidi ọdún dá padà láàárín ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi orúkọ ìwọlé kan ṣoṣo ṣe ti gbogbo ìgbìmọ̀. Kí akọ̀wé ní tirẹ̀, kí akápò ní tirẹ̀. Kí ayẹ̀wé-owó-wò lè kà, ṣùgbọ́n kó má lè yí ohunkóhun padà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ ní kí wọ́n gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń pè ní VPN. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti ọdún 2023 sì fi dandan lé e pé kí ẹni tó bá gba ìsọfúnni àwọn ènìyàn tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Iná lè lọ, íntánẹ́ẹ̀tì lè dákẹ́. Ẹ má ṣe tíì sun rẹ́jísítà yín níná. Ẹ máa kọ owó sínú rẹ̀ lójú ẹni tó san án, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ máa ṣe ẹ̀dà àká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi pamọ́ síbòmíràn, kí ẹ sì máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó ṣì ṣeé kà.

Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan béèrè ohun mẹ́ta: Ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Níbo ni ẹ̀dà wà? Ṣé orúkọ mi àti nọ́ńbà mi tọ̀nà níbẹ̀? Bí wọn kò bá rí ìdáhùn fún yín, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n so kọ̀ǹpútà náà pọ̀.