Ajá àti Ológbò Nínú Ìrìn-àjò

Bí ìdílé kan ní Ìsọlọ̀ bá ń kó lọ sílé mìíràn, ajá tàbí ológbò wọn kò mọ ìdí tí ẹrù fi ń jáde, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n ti gbé àgò tí wọn yóò fi gbé e kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, kí ó máa jẹun, kí ó sì máa sùn nínú rẹ̀. Ajá kì í làágùn káàkiri ara bí ènìyàn, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń lé ooru jáde. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì lọ́sàn-án gangan kò sì yẹ ẹ́ rárá.

Ti ọkọ̀ òfurufú ló le jù. Ajá tí yóò ti pápákọ̀ Murtala Muhammed lọ sí Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré sábẹ́ awọ, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, ìyẹn àrùn tí ń sọ ajá di wèrè. Ó kéré tán, ọjọ́ 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, oṣù 3 sì gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn ìyẹn. Kí ẹni tó ń múra ìrìn-àjò rí dókítà ẹranko kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.