TA NI Ó ṢÍ ÌWÉ ÌLERA RẸ WÒ?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ lẹ́yìn ìrun Alásárì

 

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ òní ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Méjì nínú yín ni wọ́n ń jiyàn lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí yìí ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá. Ọ̀kan nínú wọn gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn, wọ́n sì béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí NIN, kí wọ́n tó fún un ní káàdì. Ó ní ọgbọ́n àtimọ àṣírí ènìyàn ni. Èkejì ní ìlọsíwájú ni, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílùú òyìnbó. Wọ́n ní kí n dájọ́. N kò dá a lọ́jọ́ náà. Mo lọ kàwé, mo sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n mọ̀.

Òdodo wà lẹ́nu ẹni tí ó ní ìlọsíwájú ni. Àwa Mùsùlùmí gan-an ni ó yẹ kí ó tètè yé, nítorí orúkọ tí a ń jẹ́ kò pọ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá jáde tí ó ké sí Sikirat, ẹni mẹ́ta lè jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ ìbí kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí púpọ̀ nínú àwọn àgbà wa ni kò mọ ọjọ́ tí a bí wọn. Bí wọ́n bá wá gbé fáìlì ẹlòmíràn síwájú dókítà, oògùn tí ara aláìsàn kọ̀ ni wọ́n lè fún un, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí kò bá tirẹ̀ mu. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá sì sọnù, tuntun ni wọn yóò ṣe fún un, ìtàn àìsàn rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá yóò sì wà nínú yàrá tí eku ti ń fi ìwé tẹ́ ìtẹ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ẹlòmíràn kò ní ni ó lè tún èyí ṣe. Àwọn ará wa tí ń gbé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní nọ́ńbà NHS, ẹyọ 10 ni. Ilẹ̀ Ọsirélíà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2010, ẹyọ 16 sì ni tiwọn. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ètò ìlera bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2024, kí àkọsílẹ̀ ilé-ìwòsàn kan baà lè dé ọ̀dọ̀ òmíràn nípa kọ̀ǹpútà. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ó yọrí sí rere.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ìyàtọ̀ kan. Nọ́ńbà ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ọsirélíà yẹn, ti ìwòsàn nìkan ni wọ́n. NIN tiwa, ẹyọ 11, ni a fi forúkọ fóònù sílẹ̀, òun náà ni ilé ìfowópamọ́ ń béèrè. Bí ó bá tún di ti ilé-ìwòsàn, kọ́kọ́rọ́ kan ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn yàrá, ti àká àti ti ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó bá jí i kò tún níí wá òmíràn.

Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò ní Singapore, ìlú tí a mọ̀ fún ètò. Láàrin ọjọ́ 27 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2018, àwọn olè orí kọ̀ǹpútà kó àkọsílẹ̀ mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ènìyàn nínú kọ̀ǹpútà SingHealth, ẹgbẹ́ ilé-ìwòsàn ìjọba tí ó tóbi jùlọ níbẹ̀. Orúkọ, nọ́ńbà ìdánimọ̀, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí ni wọ́n kó. Nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí, bíi 160,000 ni wọ́n kó àkọsílẹ̀ oògùn tí wọ́n gbà pẹ̀lú. Olórí ìjọba wọn nígbà náà, Lee Hsien Loong, wà lára wọn, tirẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń wá léraléra. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó, wọ́n rí i pé láti oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni olè ti wọlé. Ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí kọ̀ǹpútà kò le, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì rí ohun tí ó rú wọn lójú ṣùgbọ́n wọn kò tètè ké gbàjarè.

Èyí tí ó dùn mí jù kì í ṣe ìyẹn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ìjọba ibẹ̀ kan náà kéde pé orúkọ 14,200 ènìyàn tí ó ní kòkòrò HIV ti bọ́ sí ìta. Èyí kì í ṣe olè láti òkèèrè. Wọ́n ní ẹni tí ó tú u síta jẹ́ ẹni tí ó sún mọ́ dókítà kan tí ipò rẹ̀ fún ní àṣẹ láti rí ìwé náà. Ẹ rí i pé àgádágodo kò lè dá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró.

Èmi náà ti jẹ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò tíì sọ èyí ní gbangba rí.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ní mọ́sáláṣí tí mo wà kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ mọ̀ pé a kì í so yìgì láìrí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. A ti fi àyẹ̀wò HIV kún un. Ìwé ọmọbìnrin kan dé, mo ṣí i níwájú ìgbìmọ̀ ẹni méje, mo sì kà á sókè gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n san owó. Èrò mi ni pé iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti gbọ́ ọ nídìí àtẹ ata. Ìgbéyàwó náà bàjẹ́. Ìyẹn lè bàjẹ́ bó ti wù kó rí, nítorí ẹ̀tọ́ ọkọ àfẹ́sọ́nà ni láti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ àwọn méje wo? Ọmọ náà kò lọ gba oògùn rẹ̀ mọ́ fún bí ọdún kan, nítorí pé bí ó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, ojú àwọn aládùúgbò ni yóò bá pàdé.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ ní ìlú àbúrò ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì ní, "Bàbá Lèmọ́mù, ilé-ìwòsàn bo àṣírí mi. Mọ́sáláṣí ni ó tú u." N kò rí èsì fọ̀. Ọpẹ́ ni pé ó padà sí orí oògùn rẹ̀, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ, ara ọmọ náà sì dá. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́: ẹni tí ó bá ń lò ó déédéé, tí kòkòrò náà kò fi hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í kó o ran ọkọ tàbí aya rẹ̀. Ẹnu mi ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń wàásù fún wa nípa kọ̀ǹpútà, ohun tí mo máa ń fẹ́ béèrè ni pé: ta ni ó ṣí ìwé mi, ǹjẹ́ mo sì lè mọ̀? Ní Ẹsitóníà, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù, wọ́n ti ń lo ètò yìí láti ọdún 2008. Aláìsàn fúnra rẹ̀ lè wọlé fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wo orúkọ gbogbo ẹni tí ó ṣí ìwé rẹ̀. Dókítà tí ó bá ń yọjú wo ìwé aya aládùúgbò rẹ̀ mọ̀ pé ojú ń wo òun. Ní Ọsirélíà, ìjọba ní òun yóò ṣí àkọsílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn àfi ẹni tí ó bá kọ̀ kí ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 tó parí. Nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ni ó kọ̀. Ariwo náà mú kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tún òfin ṣe ní ìparí ọdún 2018: ọlọ́pàá kò lè rí ìwé náà láìsí àṣẹ ilé-ẹjọ́, bí ẹnìkan bá sì ní kí wọ́n pa tòun rẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ pa á rẹ́ pátápátá.

Àwa náà ní òfin. Abala 26 nínú òfin ìlera ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni gbogbo ọ̀rọ̀ nípa aláìsàn, títí kan wíwà rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn. Kò gbọdọ̀ jáde àfi bí ó bá fọwọ́ sí i ní ìwé, tàbí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ, tàbí nítorí àwọn ìdí díẹ̀ mìíràn bíi ewu ńlá fún ará ìlú. Ẹni tí ó bá ṣí àkọsílẹ̀ láìní àṣẹ lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí kí ó san ₦250,000, tàbí méjèèjì. Owó yẹn lágbára lọ́dún 2014. Lónìí, n kò rò pé yóò ba ilé-ìwòsàn ńlá lẹ́rù. Òfin ọdún 2023 lórí ààbò àkọsílẹ̀ ènìyàn fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n kọ nípa wa, kí wọ́n sì tún àṣìṣe ṣe.

Nítorí náà, ìwọ tí o gbé ìyá rẹ lọ, fún wọn ní nọ́ńbà náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àfojúdi láti bi akọ̀wé pẹ̀lẹ́tù pé ta ni yóò máa rí i, àti ibi tí wọn yóò gbé e sí. Má sì ké e sókè níwájú èrò. Kọ ọ́ sórí ìwé fún un. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń ya àwòrán ìwé dókítà aláìsàn, tí ẹ ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí àwọn ènìyàn lè ṣe sàráà fún un, inúure ni, mo mọ̀. Ẹ ha béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí? Orúkọ àìsàn rẹ̀ yóò wà nínú fóònù àwọn tí kò mọ̀ rí lẹ́yìn tí owó náà bá ti tán.

Ní ti mọ́sáláṣí yìí, ìgbìmọ̀ yìgì kò ní gba ìwé àyẹ̀wò mọ́. Àwọn méjèèjì ni yóò fi han ara wọn, wọn yóò sì sọ fún wa pé àwọn ti rí i. Àwọn èyí tí ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ pípẹ́, èmi àti akọ̀wé ti ń dá wọn padà fún àwọn tí ó ni wọ́n láìṣí wọn. Ó ku mẹ́tàdínlógún. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kí ó yà sí ọ̀dọ̀ mi kí a tó kí ìrun Màgàríbì. Kò pọn dandan kí ó sọ ohun tí ó wá gbà fún ẹnikẹ́ni.